Nígbà Tí Lucas Bá Ń Gbọ̀n, Wọ́n Ń Kúnlẹ̀

Ìjù-Odò,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta, 1971.

Dora ọmọ mi,

Bí ènìyàn bá ń rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, báwo ni àwa tó jókòó tì í ṣe máa mọ̀ bóyá Ọlọ́run ló ń fi hàn án, tàbí ara rẹ̀ ló ń dà rú? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn láti ìjẹta. Mo ṣí ìwé títí, n kò rí ìdáhùn níbẹ̀, ni mo bá ní kí n bi ìwọ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti rọlẹ̀? Àwa wà. Ìyá rẹ ní kí o máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀rọ̀ Lucas ẹ̀gbọ́n rẹ ni. O mọ bó ṣe wà nígbà tí o ń lọ. Láti ìgbà tó ti gba ibi tí wọ́n ti ń se ògógóró létí odò lọ́wọ́ àbúrò ìyá rẹ, òun ló ń tọ́ ọtí náà wò kí wọ́n tó dà á sínú àgbá. Èyí tó kọ́kọ́ kán jáde, ó ní láti tọ́ ọ wò. Ti àárín, ó ní láti tọ́ ọ wò. Ti ìkẹyìn náà bákan náà. Kò sẹ́ni tó lè pè é ní ọ̀mùtí, iṣẹ́ ló ń ṣe. Nígbà tó yá, ó ń tọ́ ọ wò ní àárọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè di ọ̀bẹ mú. Ó ń tọ́ ọ wò ní ọjọ́ tí wọn kò dáná rárá. Lẹ́yìn Kérésìmesì, Aníwúrà ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Osooro.

Ní oṣù tó kọjá, ìyá rẹ mú un lọ sí ìjọ Aládùúrà rẹ̀, Òkè Ìmọ́lẹ̀. O mọ̀ pé n kì í lọ síbẹ̀. Ìjọ tí wọ́n ti rì mí bọmi ni mo ṣì ń lọ, ní ọjọ́ tí mo bá lọ. Àpọ́sítélì Benedict, olórí wọn, ní kí ó wọ inú yàrá àdúrà, kí ó gbààwẹ̀, kí ó má fẹnu kan ọtí mọ́. Ó gbà tọkàntọkàn. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń làágùn, ó ń nawọ́ sí ògiri, ó ní àwọn ènìyàn kéékèèké ń gun ibẹ̀ lọ sókè. Ó bá ìyá mi tó ti kú sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó figbe ta: "Ẹ gbé ọmọ yẹn kúrò nínú omi!"

Dora, ilẹ̀ mọ́, ọmọ Helen tó ń ṣe púpurú já sínú odò níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń rẹ ẹ̀gẹ́. Wọ́n gbé e jáde láàyè.

Wọ́n ti rán aṣọ funfun fún Lucas. Wòlíì ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń yínmú sí ìyá rẹ tẹ́lẹ̀ ti ń kúnlẹ̀ kí i báyìí. Ì bá ṣe pé o rí bó ṣe ń rìn lọ́nà ọjà!

Mo fi ojú mi rí ọmọ Helen. Mo sì fi ojú mi rí ọwọ́ Lucas. Kí ni o rò?

Èmi ni bàbá rẹ,
Ambrose Àjíṣafẹ́.


Leeds,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin, 1971.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo sì kí Màmá. Ẹ sọ fún wọn pé ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ń wọ̀.

Mo ka lẹ́tà yín tán. Bàbá, àìsàn ni. Ọkùnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ. Ẹsẹ̀ tó dá ni wọ́n torí ẹ̀ gbé e wá, kò sẹ́ni tó bi í nípa ọtí. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa kòkòrò lórí aṣọ ibùsùn, bẹ́ẹ̀ kòkòrò kankan kò sí níbẹ̀. Ó ń bá ìyàwó rẹ̀ tó ti kú jiyàn. Sísítà Janet, olórí wọ́ọ̀dù wa, kò pe àlùfáà, dókítà ló pè. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì jókòó tì í títí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Sísítà ní ara tí ọtí ti mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í gbà kí a gba ọtí náà lójijì. Gìrì lè gbé e. Ó lè kú. Ó ní abẹ́rẹ́ náà gan-an, ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kù kí wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa gbé ayé láìmu ún.

Ti ọmọ Helen, n kò mọ ohun tí mo lè wí. Ọmọ wo ni kò já sínú odò yẹn rí? Èmi náà já sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Bọ̀ọ̀dá Lucas lọ sí ọsibítù ìjọba ní Òkìtìpupa, kí ẹ sọ fún dókítà pé ọtí ni. Ẹ má ṣe pè é ní ibà. Ṣé Bọ̀ọ̀dá ṣì ń mu ún? Kí ló sì dé tí Aníwúrà fi kó lọ láti Kérésìmesì tí ẹ kò jẹ́ kí n gbọ́? Ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Ọmọ yín,
Dora.


Ìjù-Odò,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, 1971.

Dora ọmọ mi,

Mo kí ọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń mu ún. Lẹ́yìn ààwẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti padà sétí odò. Ó máa ń bọ́ aṣọ funfun náà, á fi kọ́ sórí ẹ̀ka igi kí ó tó dáná. Àwọn ará ìjọ mọ̀ pé ó ń sè é; pé ó ń mu ún ni kò sẹ́ni tó fẹ́ bèèrè.

Mo ṣe bí o ṣe wí. A wọ ọkọ̀ lọ sí Òkìtìpupa ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Aṣọ funfun ló wọ̀. Mo ní kí ó bọ́ ọ, ó ní òun kò ní òmíràn tó mọ́. A jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn aláìsàn. Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Wòlíì, ẹ gbàdúrà fún mi kí n tó wọlé. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà mí."

Lucas wò mí. Ó gbé ọwọ́ lé obìnrin náà lórí, ọwọ́ náà ń gbọ̀n, obìnrin náà sì ń pariwo pé, "Àmín! Agbára ń bẹ níbẹ̀! Mo ń gbọ́ ọ lára!" Bí gbogbo bẹ́ńṣì ṣe dìde wá sọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá pe orúkọ rẹ̀, bàbá kan ní, "Háà, ṣé ara Wòlíì náà kò yá ni?"

Lucas ní, "Rárá o. Mo wá bẹ àwọn aláìsàn wò ni." Ó sì jáde.

Ojú títì ni mo ti bá a. Mo bi í pé kí ló dé.

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin gan-an, kí ni ẹ ń pè mí ní ọdún tó kọjá?"

Kò dúró de èsì mi.

"Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ń gbọ̀n, àwọn ọmọdé á máa sín mi jẹ. Ní báyìí, bí mo bá ń gbọ̀n, wọ́n ń kúnlẹ̀. Tí dókítà bá wá mú gbígbọ̀n náà kúrò ńkọ́? Kí ló kù lára mi tí wọ́n máa kúnlẹ̀ fún?"

Mo ní, "Ìwọ fúnra rẹ, ṣé o gbà pé ìran ni?"

Ó ní, "Mo gbà bí mo bá ń rí i. Tó bá ti lọ tán, n kò mọ̀."

Dora, ìdáhùn tí èmi ì bá fún ènìyàn nìyẹn lórí ọ̀pọ̀ nǹkan nílé ayé yìí, n kò kàn lè sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Mo padà lọ bá dókítà ní èmi nìkan. Ó fi sùúrù gbọ́ mi. Ó ní kí n mú un wá nígbàkúùgbà, àwọn á gbà á, pé lẹ́yìn náà ó dára kí ó lọ sí Aró ní Abẹ́òkúta fún ìtọ́jú tó máa pẹ́. N kò mọ ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé Osooro. Bàbá Aníwúrà ránṣẹ́ pé bí ọkọ ọmọ òun bá fi lè gba ẹnu ọ̀nà Aró wọlé, kí ó má wá bèèrè ìyàwó lọ́wọ́ òun mọ́, nítorí ìdílé àwọn kì í bá wèrè dána.

Ìyá rẹ ti jókòó tì mí. Ó ní kí n kọ tirẹ̀ bó bá ṣe ń sọ ọ́, kí n má fi gírámà bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ Ìkálẹ̀ ló ń sọ, ọwọ́ mi ló ń sọ ọ́ di ti ilé ìwé:

"Dora, èmi Salome ìyá rẹ ni. Mo gbọ́ pé o ní ẹ̀gbọ́n rẹ dà bí òyìnbó kan tó ń ṣa kòkòrò. Òyìnbó náà, ọmọ ta ló yọ nínú omi? Nígbà tí mò ń lọ gbé ẹ̀gbọ́n rẹ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ta ló bá mi gbé e? Bí mo bá dé ìdí omi, wọn á ní ẹ bo korobá yín, ìyá ọlọ́tí ti dé. Ọlọ́run wá nu omijé mi nù, ìwọ jókòó sílùú òyìnbó, o ń wá bí o ṣe máa dà á padà sí mi lójú. Máa jẹun dáadáa. Fi fọ́tò ránṣẹ́, kí ó jẹ́ èyí tí o ti ń rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ ń mi orí bó ṣe ń kọ èyí. Má dá a lóhùn."

N kò mi orí.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ní ọ̀sẹ̀ Pẹ́ńtíkọ́sì, ní ìparí oṣù tó ń bọ̀, gbogbo ìjọ wọn máa gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Wọ́n máa ti Lucas mọ́ inú yàrá àdúrà pẹ̀lú omi nìkan, kí ó lè ríran fún wọn. Ó ti gbà. Láti ìgbà tó ti gbà ló ti ń mu ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, bí ẹni tó ń jẹun sílẹ̀ de ìrìn àjò.

Bàbá rẹ,
A. Àjíṣafẹ́.


WÁYÀ
Láti Leeds, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Karùn-ún, 1971.

LUCAS KÒ GBỌDỌ̀ DÉDÉ DÁ ỌTÍ DÚRÓ. Ẹ̀YIN NI KÍ Ẹ MÁA FÚN UN NÍ DÍẸ̀DÍẸ̀ TÍTÍ TÓ FI DÉ ỌSIBÍTÙ. LẸ́TÀ Ń BỌ̀. DORA.


Ìjù-Odò,
Ogúnjọ́, oṣù Karùn-ún, 1971.

Dora,

N kò ní kí ọ pẹ́ lónìí. Kí ló ṣe ọ́ tí o fi tẹ irú wáyà bẹ́ẹ̀?

Olúmidé, akọ̀wé tó ń gba wáyà ní Òkìtìpupa, òun ni olórí akọrin Òkè Ìmọ́lẹ̀. Kí bébà náà tó dé ọwọ́ mi, ó ti dé ọwọ́ Àpọ́sítélì. Nígbà tí ìyá rẹ dé ọjà, wọ́n ti ń dúró dè é. "Ìyá Dora, ṣé àgbá tó ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ ti gúnlẹ̀?" "Ẹ bá wa bu tiwa sílẹ̀ o!" "A ṣe bí nọ́ọ̀sì lẹ ní ó lọ kọ́!" Ó gbé igbá rẹ̀ padà wálé láìtà. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó ní, "Ọmọ tí mo bí wá tẹ wáyà sí mi pé kí n máa rọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́tí."

Àpọ́sítélì Benedict wá sílé. Kì í ṣe ènìyàn búburú, mo fẹ́ kí o mọ̀. Ó mu omi, ó nu ẹnu, ó ní, "Tíṣà, èmi kò bínú sí ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ tún bébà yẹn kà. Bí èṣù bá ní owó wáyà, kí ni ì bá tẹ̀?"

Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ohun tí wáyà rẹ ṣe nìyí: wọn kò ní dúró de Pẹ́ńtíkọ́sì mọ́. Wọ́n ní ọ̀tá ti fẹ́ ṣíwájú àwọn. Ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ni wọ́n ń ti Lucas mọ́lé.

Lẹ́tà tí o ní ó ń bọ̀ kò tíì dé. Dora, n kò fi ahọ́n kan ọtí rí láyé mi. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ lórin pé ọtí kò dára ti di bàbá ọmọ. Ìwọ wá ní kí n máa bu ohun tó ń pa ẹ̀gbọ́n rẹ fún un kí ó má baà kú. Ó lè jẹ́ pé ìwọ lo tọ̀nà. Ó lè jẹ́ pé Àpọ́sítélì ló tọ̀nà. Mo ń rò ó láti àná, bí mo bá ti gbà pé mo ti mọ̀ ọ́n, á tún yí padà.

Bàbá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Karùn-ún, 1971.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Kò tíì sí èsì kankan láti ọ̀dọ̀ yín sí wáyà mi. Ọjọ́ tí mo tẹ wáyà náà ni mo fi lẹ́tà gígùn ránṣẹ́. Bí kò bá tíì dé, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: bí gbígbọ̀n bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ọsibítù sì jìnnà, ọtí díẹ̀ lè dì í mú títí ẹ ó fi gbé e débẹ̀. Bí gìrì bá ń gbé e lọ́wọ́, tàbí tí kò dá yín mọ̀, ẹ kò gbọdọ̀ da nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ọtí náà kì í ṣe ìtọ́jú. Kí ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ni ìtọ́jú.

Ẹ ó bínú sí ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn bí ẹ ṣe máa ń yẹ ọ̀rọ̀ wò níwájú àti lẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ lè yẹ èyí wò títí Bọ̀ọ̀dá Lucas á fi kú, kí ẹ sì mọ gbogbo ìdí tó fi kú dáadáa.

N kò ní kí ẹ má gba Ọlọ́run gbọ́. Ẹ má tilẹ̀ gba èmi gbọ́. Ẹ kàn wò ó báyìí: bí èmi bá ṣì í, wòlíì kan sùn ní ọsibítù fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jà. Bí àwọn bá ṣì í, ẹ máa gbẹ́ ilẹ̀.

Ẹ bá mi bẹ Màmá. Fọ́tò náà wà nínú lẹ́tà gígùn. N kò lè rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, mo gbìyànjú.

Ọmọ yín,
Dora.


Òkìtìpupa,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, 1971.

Dora ọmọ mi,

Ó wà láàyè. Mo kọ́kọ́ kọ ìyẹn kí o má baà máa wá a kiri inú lẹ́tà.

Lẹ́tà gígùn náà dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Olúmidé ló fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá fúnra rẹ̀. Kò ṣí i, kò sì wò mí lójú. Mo kà á ní ìdúró. Nígbà tí mo kà á tán, mo rí i pé bí mo bá jókòó, n kò ní dìde mọ́, ni mo bá gba ọ̀nà odò lọ sí ibi tí Lucas ti ń se ọtí. Ọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń kó igi. Ó ní, "Tíṣà? Ẹ̀yin kẹ̀?" Mo ní kí ó rọ ọtí sínú ìgò oògùn kékeré kan fún mi. Kí n tó padà dé ojú ọ̀nà, àwọn ará àdúgbò ti ń wí láti iwájú ilé wọn pé, "Tíṣà náà ti bẹ̀rẹ̀!"

Mo gba Òkè Ìmọ́lẹ̀ lọ. Láti òkèèrè ni mo ti ń gbọ́ ohùn Lucas nínú yàrá àdúrà. Ó wà lórí ẹní, aṣọ funfun náà ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Yàrá kún. Ó rí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ rọra, ẹ má tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀," ó ń nawọ́ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí nǹkan kan kò sí. Kí n tó sún mọ́ ọn, gìrì gbé e. Gbogbo wọn figbe ta, "Ẹ̀mí ti bà lé e!" wọ́n sì dojú bolẹ̀. Ìyá rẹ náà kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ni kò di ojú. Ẹnu Lucas ló ń wò. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ti gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ.

Nígbà tó dáwọ́ dúró, mo yọ ìgò náà. Àpọ́sítélì dúró sí iwájú mi. "Tíṣà, nínú ilé Ọlọ́run?"

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ṣẹ̀, èmi ni kí Ó bi."

Mo jókòó ti Lucas, mo ń dúró kí ojú rẹ̀ mọ̀ mí, bí o ṣe kọ ọ́. Ó pẹ́. Mo ní, "Ta nìyí?" Ó ní, "Bàbá mi." Mo fi ìgò náà hàn án. Ó wò ó, ó wo àwọn tó kúnlẹ̀ yí wa ká.

"Níwájú wọn?"

Mo ní, "Níwájú wọn."

Ó la ẹnu.

N kò gbé ojú sókè, mo kàn ń gbọ́ bí aṣọ wọn ṣe ń dún bí wọ́n ṣe ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ní, "Ó tán." Ẹlòmíràn ń sunkún. Èmi àti ọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, tó ti tẹ̀ lé mi wá, la gbé e dé inú ọkọ̀. Ìyá rẹ wọlé sínú ọkọ̀ náà nínú aṣọ àdúrà rẹ̀, láìsí bàtà.

Bẹ́ńṣì ọsibítù kún bíi tọjọ́sí. Dókítà jáde, ó ní kí ló ṣe é. Mo bẹ̀rẹ̀: "Dókítà, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀. Àwọn kan rò pé..."

Ìyá rẹ fi ọwọ́ tì mí sẹ́yìn.

"Ọtí ni," ó wí, sókè, tí gbogbo ẹni tó jókòó níbẹ̀ gbọ́. "Ọmọ mi ń mu ọtí. Ó ti pẹ́. Wọ́n gbà á lẹ́nu rẹ̀ lójijì, òun ló sọ ọ́ dà báyìí. Ẹ gbà mí."

Dókítà ní, "Ẹ ṣeun, ìyá." Kò bi wá ní nǹkan mìíràn mọ́ kí wọ́n tó gbé e wọlé.

Ó ti sùn, ó ti jí, ó mọ gbogbo wa. Aníwúrà gbé oúnjẹ wá láti Osooro. Ó ní bàbá òun rò pé oko lòun lọ. Àpọ́sítélì náà wá. Kò wọlé, ó dúró lẹ́yìn fèrèsé, ó ń gbàdúrà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. N kò lé e. Bóyá ìgò náà ni, bóyá abẹ́rẹ́ ni, bóyá ọkùnrin tó dúró sínú oòrùn yẹn ni, n kò lè búra. Ó yà mí lẹ́nu pé kò dí mi lọ́wọ́ mọ́ pé n kò mọ̀.

Lucas kò tíì gbà láti lọ sí Aró. Ó bi mí pé, "Tí mo bá lọ, kí ni ẹ máa sọ fún àwọn ènìyàn pé mo lọ ṣe?" Mo ní màá sọ pé ó lọ gba ìtọ́jú ọtí. Ó rẹ́rìn-ín, ahọ́n rẹ̀ dùn ún, ó fọwọ́ di ẹnu. Ó ní, "Wọn kò ní gbà yín gbọ́. Wọ́n á ní iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni." Nígbà tó ṣe díẹ̀ ó bèèrè bóyá wọ́n ń jẹ́ kí ìyàwó ẹni wá wo ni níbẹ̀. Ìyá rẹ ló dá a lóhùn. Ó ní, "Bí wọn kò jẹ́, èmi á wá."

Yàrá tí a háyà lẹ́yìn ọsibítù ni mo ti ń kọ èyí. Ìyá rẹ ti jí, ó ń gbé omi kaná tí a óò gbé lọ fún un. Ilẹ̀ ti mọ́ tó láti fi kàwé. Mo ti pa àtùpà.

Bàbá rẹ,
Ambrose Àjíṣafẹ́.